Kí ni script inú debugger, kí ló dé tí púrógíráàmù kékeré la fi ń dán an wò?

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Yábàá ló bi mí pé bọ̀dá, kí ni wọ́n ń pè ní script inú debugger, mo ní jókòó, torí ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Debugger ni irinṣẹ́ tá a fi ń dá púrógíráàmù dúró lójú ọ̀nà, ká yẹ inú ẹ̀ wò, ká rí nǹkan tó gbé dání. GDB lèmi ń lò, èyí tí Richard Stallman bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ọwọ́ lèèyàn fi ń tẹ àṣẹ sí i, break, run, next, print, kò sí wàhálà tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, àmọ́ tó bá di ogójì ìgbà lóòjọ́ ńkọ́? Ibẹ̀ ni script ti wúlò. Látìgbà tí GDB 7.0 ti jáde ní 2009 lo ti lè fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ púrógíráàmù, pàṣẹ fún un, wàá kọ gbogbo àṣẹ yẹn sínú fáìlì kan, òun là ń pè ní script, á máa bá ẹ ṣe é lọ.

Ṣùgbọ́n kóòdù ni script náà, òun náà lè ṣì í ṣe. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí wọ́n gbé script tuntun lé púrógíráàmù ńlá lórí. Kékeré tó o ti mọ ìdáhùn ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ kọ.

Tiwa, èdè C la fi kọ ọ́, kò ju ìlà mẹ́wàá lọ, a pè é ní danfo. Ká ní èrò 14 wọ ọkọ̀ láti Yábàá lọ Ọbáléńdé, 300 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Function, ìyẹn apá púrógíráàmù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, tó ń jẹ́ kowo ló ń ṣírò ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ inú ẹ̀ ni int apapo = ero * owo; a ò tíì ṣí GDB rárá tá a ti mọ̀ pé 4200 ló gbọ́dọ̀ jáde.

Àṣẹ tá a fi kọ́ńpáìlì ẹ̀, ìyẹn tá a fi sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, nìyí:

gcc -g -O0 danfo.c -o danfo

Má yọ -g yẹn o, òun ló ń tọ́jú orúkọ variable, ìyẹn ohun tó ń gbé nọ́ńbà dání bí apapo, àti nọ́ńbà ìlà fún debugger. Tó o bá sì lo -O2, tó ń tún kóòdù tò kó lè yára, dípò -O0 tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, variable yẹn lè ti pòórá, GDB á kàn kọ optimized out sí ẹ lójú. Script náà, idanwo.py, rèé:

import gdb
gdb.Breakpoint("kowo")
gdb.execute("run")
iye = int(gdb.parse_and_eval("apapo"))
print(iye, iye == 4200)

A tẹ gdb -batch -x idanwo.py ./danfo, nọ́ńbà kan tí ò jọ owó ọkọ̀ rárá ló jáde, False ló tẹ̀ lé e. Ọmọ yẹn ti fẹ́ máa tún danfo.c ṣe, mo ní dúró ná, ìṣírò yẹn ò ní nǹkan kan, àwa fúnra wa la kọ ọ́, 14 lọ́nà 300 ò lè di nǹkan míì. Breakpoint yẹn, ìyẹn ibi tá a ní kí púrógíráàmù ti dúró, ẹnu ọ̀nà function ló wà, ìlà tó ń ṣírò ò tíì ṣiṣẹ́, ìdọ̀tí tó wà nínú mẹ́mọ́rì tẹ́lẹ̀ la lọ kà. A fi gdb.execute("next"), tó ń ní kó ṣe ìlà kan kó tún dúró, sábẹ́ run, ó di 4200 True.

Ká ní púrógíráàmù ńlá ni, òun là bá dá lẹ́bi, àá sì máa tú u kiri títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kò tíì tán o. Script tó ń sọ True ní gbogbo ìgbà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí náà a mọ̀ọ́mọ̀ ba danfo jẹ́, a yí * sí +, a tún un kọ́ńpáìlì. 314 ló jáde, script ní False. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ gidi.