Ọjọ́ Ló Ń Jẹ Owó Fíìmù

Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, níbí ní Iléṣà, wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n há ìwé kan mọ́ abíyá, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó ra ọjà àwìn. Ọmọ àbúrò wọn ló gba ₦10,000,000 lọ́wọ́ wọn láti fi ṣe fíìmù. Wọ́n ti ya fíìmù náà tán, àmọ́ ọmọ ọ̀hún tún padà wá pé ó ku ₦1,620,000 tí òun jẹ àwọn èèyàn. Màmá ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi ní: "Ìwọ tó o wà nídìí iṣẹ́ yìí, ta ló jẹ owó mi?"

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ẹ sì mọ ìtàn àwọn òṣómàáló, oníṣòwò aṣọ tó máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tó lóun ò ní nàró àfi tówó òun bá pé. Mo ní kí wọ́n mu omi ná. Wọ́n ní omi kọ́ làwọn wá mu.

Iṣẹ́ mánéjà fíìmù ni mò ń ṣe, láàárín Iléṣà, Ifẹ̀ àti Òṣogbo. Ẹlòmíì ló ń darí eré, ẹlòmíì ló ń di kámẹ́rà mú. Èmi ni wọ́n máa ń bi pé ṣé epo ti tán, ṣé ọkọ̀ ti dé, ṣé ẹran kan ni ká fún èèyàn àbí méjì. Mo ṣí ìwé màmá. Gbogbo ìnáwó tí ọmọ náà kà fún wọn ni wọ́n ti kọ síbẹ̀, wọ́n sì fi bírò pupa yí ọ̀kan po: "Owó ìdákẹ́jẹ́, ₦15,000." Lójú tiwọn, rìbá nìyẹn. Mo ní a máa dé orí ẹ̀.

Màmá ti ní ìdáhùn tiwọn nílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó ní láti jẹ́ pé ọmọ náà fi owó ra kámẹ́rà, ó sì gbé e pamọ́, tàbí kó jẹ́ pé gbajúmọ̀ òṣèré tó wá láti Èkó ló kó gbogbo ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà, a máa ń háyà ẹ̀ ni, bí ẹ ṣe ń háyà àga àti ìbòrí fún ìnáwó.

Láyé àwọn bàbá wa, òótọ́ ni pé owó wà nídìí kámẹ́rà, àgàgà nínú ohun tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀. Róòlù fíìmù 35mm tó gùn tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 péré ló ń yà kó tó tán. Ohun tí wọ́n bá yà, òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ fọ̀. Òṣèré tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀, owó ló ń jóná yẹn. Mo máa ń rò pé ó wà lára ìdí tí àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò fi gbé eré tí wọ́n ti ṣe lórí pèpéle láti ìlú dé ìlú sínú fíìmù: ọ̀rọ̀ ti mọ́ wọn lẹ́nu. Lónìí, káàdì tí ò ju èékánná lọ ló wà nínú kámẹ́rà. Ẹ yà á, kò dáa, ẹ tún un yà, káàdì ò bínú. Ó wá dà bíi pé àṣìṣe ti di ọ̀fẹ́. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá ń sọ pé "ẹ tún un ṣe," jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, oòrùn ń wọ̀, èèyàn 45 sì ń retí oúnjẹ. Owó kúrò nínú kámẹ́rà, ó lọ sínú ọjọ́.

Nínú ìwé ìṣirò fíìmù, ìlà kan wà láàárín. Àwọn tó wà lókè ìlà ni ẹni tó kọ eré, olùdarí, olóòtú àti àwọn àgbà òṣèré. Owó tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa nájà ẹ̀, ó parí. Ìsàlẹ̀ ìlà ni gbogbo ìyókù wà, ibẹ̀ ló sì ń jò. Oúnjẹ, ibùsùn, epo, ọkọ̀, iná, ohùn, gbogbo wọn ló ń ka ọjọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá yín nájà ìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Báwo la ṣe ń mọ iye ọjọ́? Ojú ewé kan nínú ìwé eré máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Eré ọmọ màmá jẹ́ ojú ewé 96. Ó ní òun á máa ya ojú ewé 12 lóòjọ́, ó jẹ́ ọjọ́ 8. Ojú ewé 12 kì í ṣe kékeré o. Àwọn onífíìmù ńlá l'Amẹ́ríkà, méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà ń yà lóòjọ́. Àwa náà mọ̀ pé a ń sáré, ọwọ́ wa ni ò gbé ọjọ́ tó pọ̀.

Mo bá mú bírò, èmi àti màmá jọ ṣírò ọjọ́ kan ṣoṣo. Èèyàn 45 ló wà ní lókéṣọ̀n: òṣèré, oníkámẹ́rà, oníná, olóhùn, onímékọ́ọ̀pù, ẹni tó ń ṣọ́ aṣọ, awakọ̀, àwọn wákà-páàsì, ìyẹn àwọn tó kàn máa ń gba ojú àwòrán kọjá. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, abọ́ kan ₦2,000. Ó di ₦270,000. Màmá ní, "Oúnjẹ nìkan?" Mo ní oúnjẹ nìkan. Ibi tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fún ìgbà àkọ́kọ́ sì ti ń fẹ́ dín owó kù nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo ti rí i tí oúnjẹ ọ̀sán pẹ́ di aago mẹ́rin, tí ọmọkùnrin tó ń gbé iná sì jókòó sórí àpótí, tó ń wo olùdarí bí ẹni pé kò gbédè. Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi bẹ̀ ẹ́ kó tó dìde. Wákàtí yẹn wọ́n ju ẹran lọ.

Àwọn 30 nínú wọn ti ọ̀nà jíjìn wá, méjì méjì sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, yàrá 15 ní ₦12,000, ₦180,000 lóru kan. Ìbá dín kù ká ní ọmọ náà bi mí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n lè wọ ọkọ̀ wá láàárọ̀ kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Ẹni tó bá ń sùn nílé ara ẹ̀ kì í gba kọ́kọ́rọ́ òtẹ́ẹ̀lì.

Ó kan epo. Lítà dísẹ̀lì 50 fún jẹnẹrétọ̀, ₦1,200 lítà kan, lítà bẹntiróòlù 50 fún bọ́ọ̀sì méjì, ₦1,000 lítà kan. ₦110,000. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, lítà bẹntiróòlù ò tó ₦200. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó sún mọ́ ₦500, títí di bó ṣe dà yìí. Gbogbo ìṣirò fíìmù tí mo ṣe ṣáájú ìgbà yẹn ti di ìwé àkàrà. Kámẹ́rà, iná, ẹ̀rọ ohùn àti àwọn tó ń lò wọ́n, ₦250,000 lóòjọ́. Ẹ rò ó pọ̀: ₦810,000. Ìlọ́po 8, ó jẹ́ ₦6,480,000. ₦3,520,000 tó ṣẹ́kù ló máa sanwó fún gbogbo òṣèré, olùdarí, ẹni tó kọ eré, ilé tí wọ́n háyà, aṣọ, àti ẹ̀dítà.

Màmá wo iye yẹn pẹ́ títí. Mo wá bi wọ́n: ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi yà á? Wọ́n ṣí ojú ewé mìíì. Ọjọ́ 10.

Ọjọ́ méjì tó lé, ₦1,620,000. Gbèsè ọmọ náà gan-an nìyẹn, kò lé, kò dín.

Báwo ni ọjọ́ méjì ṣe sọnù? Ọ̀kan bá òjò lọ. Wọ́n fẹ́ ya ìran ìjúbà kan nídìí omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Omi náà ní ìpele méje, olùdarí sì fẹ́ ìpele kejì nítorí ó rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ iná àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lẹ́sẹ̀, èèyàn ló máa gbé wọn gun òkè, wọ́n sì máa gbowó. Wọ́n gbé e dókè tán, òjò sú. Wọ́n fi tapólì bo kámẹ́rà títí di aago mẹ́rin, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejì bá gbajúmọ̀ lọ. Ìlérí ọjọ́ méjì péré ló ṣe. Nítorí náà, gbogbo ìran tó wà nínú ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin, ni wọ́n kó sí ọjọ́ méjì yẹn. Ibi tí ẹ wà àti ẹni tó wà lọ́wọ́ yín la fi ń to iṣẹ́. Ìtàn á dúró di ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dítà. Òṣèré lè kú láàárọ̀ kó sì gbéyàwó lọ́sàn-án. Ó ní òun á dé ní aago méje àárọ̀, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gbé e dé ní aago mẹ́ta, pẹ̀lú dírẹ́bà, onímékọ́ọ̀pù tirẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn kan, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì nílò ibùsùn. Ìran 7 ló yẹ kí wọ́n yà, 3 ni wọ́n rí yà kílẹ̀ tó ṣú. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó to iṣẹ́ ọjọ́ náà sí aago méje láìpe òṣèré wá sùn mọ́jú ní Iléṣà ni mo dá lẹ́bi.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà nínú ìwé màmá, owó kan wà tó yẹ kó wà nínú ìṣirò tí mi ò rí: owó àìròtẹ́lẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá la máa ń fi sílẹ̀, fún òjò, fún ọkọ̀ tó bàjẹ́, fún ẹni tó ṣàìsàn. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù níwájú màmá. Ó ní mílíọ̀nù 11 ni ìṣirò òun tẹ́lẹ̀, òun yọ mílíọ̀nù kan yẹn kúrò kí ẹ̀gbọ́n màmá òun má baà kọ̀. Màmá ò sọ nǹkan kan. Mílíọ̀nù kan yẹn ò bá má tó gbèsè náà san, àmọ́ ₦620,000 ni wọn ì bá wá tọrọ, kì í ṣe ₦1,620,000.

Kò tíì parí níbẹ̀, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Kí ẹ̀dítà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ra hàádì díráìfù méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíì. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré nísàlẹ̀ àwòrán, èyí tí àwa Yorùbá máa ń fi sílẹ̀ di ìgbà tówó ti tán, tí a sì ń gbé fún ọmọ tó kọ́kọ́ gbà á ní ẹ̀dínwó, ẹ wá owó fún un. Ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá, nǹkan tó máa fi dá yín lẹ́jọ́ nìyẹn. Owó ìpolówó ò sí nínú owó ìṣe fíìmù rárá, àpò ọ̀tọ̀ ni. Tó bá sì jẹ́ orí YouTube ni wọ́n máa gbé e sí, ìdá 55 nínú 100 owó tó bá wọlé látinú ìpolówó tí wọ́n ń fi sórí fíìmù náà ni Google ń fún ẹni tó ni ín, ìyẹn lẹ́yìn tí àwọn èèyàn bá wò ó, tí oṣù bá sì parí.

Ohun tó yẹ kí màmá ti béèrè láti ọjọ́ kìíní ni ìwé ìnáwó alaalẹ́. Gbogbo alẹ́, mánéjà máa ń kọ iye ìran tó yẹ ká yà, iye tá a yà, àti iye tá a ná. Ká ní wọ́n rí ti ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ tí gbajúmọ̀ pẹ́ dé, wọn ì bá ti mọ̀ pé ọjọ́ 8 ò ní tó, wọn ì bá sì lè ní kí wọ́n gé ìran mélòó kan kúrò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, kò sóhun tí wọ́n lè gé mọ́.

Wọ́n wá fi ìka gún bírò pupa. "Èyí ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Ilé tí wọ́n háyà, ọlọ́lọ̀ ata wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyàwó ilé ń sunkún nínú eré, omijé ti wá, ni ẹ̀rọ ọlọ̀ bá bú ramúramù. Ẹ̀rọ ohùn ò lè yọ ọlọ̀ kúrò nínú ẹkún. Ọlọ́lọ̀ ní ọjọ́ ọjà ni, ata ti tò sílẹ̀. Wọ́n sanwó kó pa ẹ̀rọ láti aago mẹ́wàá títí di aago kan. Òun ni owó ìdákẹ́jẹ́, gbogbo wa la sì ń san án, fún ọlọ́lọ̀, fún alágbẹ̀dẹ, fún onírẹ́kọ́ọ̀dù.

Màmá béèrè àdúgbò. Mo sọ ọ́. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní oníbàárà àwọn ni bàbá ọlọ̀ yẹn, ká ní wọ́n rán ẹnì kan sí àwọn lọ́jọ́ náà ni, kò ní gbà ju ₦5,000 lọ.