Ẹjọ́ ìsopọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ yunifásítì: bó ṣe ń lọ ní Íńdíà

Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Íńdíà ló ń kọ́ni ní iṣẹ́ dìgírì láìní àṣẹ láti fúnni ní dìgírì. Yunifásítì tí wọ́n so mọ́ ló ń fọwọ́ sí ohun tí wọn yóò kọ́, òun ló ń ṣe ìdánwò, orúkọ rẹ̀ ló sì ń wà lórí ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá rántí bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó ṣe ń kọ́ àwọn tó ń gba dìgírì Ifẹ̀, kó tó di yunifásítì fúnra rẹ̀, ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní afílíéṣọ̀n. Àwọn ará Íńdíà ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1857, nígbà tí wọ́n dá yunifásítì Calcutta, Bombay àti Madras sílẹ̀ ní àwòṣe ti London. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀ báyìí ju 40,000 lọ, abẹ́ yunifásítì kan tàbí òmíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìsopọ̀ rẹ̀ bá já lè ní ilé, kó ní olùkọ́, kó sì máa gbowó. Kò ní ohun tí yóò fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn.

Ẹgbẹ́ tàbí àjọ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ló ń tọrọ ìsopọ̀. Ìlànà tí UGC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, gbé jáde ní 2009 béèrè ilẹ̀ éékà 2 ní àwọn ìlú ńlá, éékà 5 níbòmíràn. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, AICTE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ní láti fọwọ́ sí i. Yunifásítì yóò wá rán ìgbìmọ̀ abẹ̀wò wá: wọn a yẹ ìwé ilẹ̀ wò, wọn a wo ilé ìkàwé àti yàrá àyẹ̀wò, wọn a ka olùkọ́ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn. Orí olùkọ́ ni màgòmágó pọ̀ sí jù, torí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lè wà nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì méjì. Ìsopọ̀ onígbà díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni. Ó di ó kéré tán ọdún 5 kí wọ́n tó lè béèrè èyí tó wà títí.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ẹjọ́ ni pé ilẹ̀kùn kan ni, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mẹ́ta. Ìwé òfin Íńdíà fi títò ìpele ẹ̀kọ́ gíga sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tẹ́lẹ̀, di ti àwọn méjèèjì nígbà tí àtúnṣe 1976 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1977. Yunifásítì sì ní òfin tirẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Tamil Nadu fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Adhiyaman ní 1995 pé níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ti forí gbárí pẹ̀lú òfin AICTE ti 1987, ti ìpínlẹ̀ ni yóò yẹ̀. Ní 2000, nínú ẹjọ́ Jaya Gokul láti Kerala, ó ní yunifásítì lè gbọ́ èrò ìjọba ìpínlẹ̀, àmọ́ ìjọba náà kò lè fi ìlànà tirẹ̀ dènà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí AICTE ti fọwọ́ sí. Àwọn onílé ẹ̀kọ́ bá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Kerala kò gbọ́dọ̀ dín ìpele AICTE kù, ṣùgbọ́n ó lè béèrè ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpele AICTE di ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ sísàlẹ̀. Wọn kò sọ pé òrùlé ni.

Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ abala 226 ìwé òfin. Bí adájọ́ kan bá dá a, a lè gbé e lọ síwájú àwọn méjì, lẹ́yìn náà sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Adájọ́ kì í ka ìwé inú ilé ìkàwé. Ohun tó ń wò ni: ṣé ẹni tó kọ̀ ní agbára láti kọ̀? Ṣé wọ́n fún kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìròyìn ìgbìmọ̀ abẹ̀wò? Ṣé wọ́n jẹ́ kó fèsì, wọ́n sì sọ ìdí? Bí yunifásítì bá kùnà níbẹ̀, èrè tí kọ́lẹ́ẹ̀jì sábà máa ń jẹ ni pé kí yunifásítì lọ tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ kan pàtó. Ó ṣọ̀wọ́n kí adájọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ yunifásítì. Adájọ́ 9 ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ St. Xavier's ní 1974 pé ìsopọ̀ kì í ṣe ẹ̀tọ́ àbínibí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́dọ̀ fi májẹ̀mú rẹ̀ gba àkóso ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn tàbí elédè tó kéré níye.

Kàlẹ́ńdà ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wọ̀nyí. Ní 2012, ẹjọ́ Parshvanath fi gbèdéke lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ: ọjọ́ 10 oṣù kẹrin fún ìfọwọ́sí AICTE, ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún fún ìsopọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá pẹ́ a sáré gba àṣẹ onígbà díẹ̀ ní kóòtù, a fi gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kó lè padà wá sọ fún adájọ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jìyà. Nígbà míì, ó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní 1986, nígbà tí ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan ní Andhra Pradesh ti gba ọmọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tí kò ní àṣẹ, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò: kò lè pàṣẹ fún yunifásítì pé kó rú òfin tó dá a sílẹ̀. Àwọn ti ìpínlẹ̀ Chhattisgarh rí ojú àánú ní 2005. Ilé ẹjọ́ fagi lé abala òfin tí wọ́n fi dá yunifásítì aládàáni tó lé ní 100 sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kí ìjọba wá bí wọn yóò ṣe so àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà mọ́ yunifásítì ìpínlẹ̀, kí ọdún àwọn ọmọ má bàa ṣòfò.

Ìsopọ̀ kì í ṣe ti kọ́lẹ́ẹ̀jì lápapọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, pẹ̀lú ọdún àti iye àyè tó wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì lè ní i fún ẹ̀kọ́ ìṣirò, kó má ní i fún kọ̀ǹpútà. Ó lè ní i fún ọmọ 60, kó gba 90. Àwọn 30 tó kù yìí ni yóò lọ béèrè káàdì ìdánwò tí yunifásítì kò ní fún wọn, àyàfi bí kóòtù bá dá sí i.