Ṣé èéfín ló sọ òjìji inú yìnyín Monet di búlúù?

Ní 2023, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Anna Lea Albright àti Peter Huybers, gbé ìwádìí kan jáde: bí èéfín ilé iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní London àti Paris láyé ọjọ́un, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán Turner, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, àti ti Monet, ayàwòrán ará Faransé, ń rí bàìbàì sí i. Látìgbà náà ni àwọn kan ti ń di ẹrù gbogbo àwọ̀ àjèjì inú àwòrán Monet ru èéfín. Wọn ò yọ yìnyín rẹ̀ sílẹ̀.

Àwòrán wo là ń sọ gan-an?

La Pie, orúkọ ẹyẹ kan lédè Faransé. Claude Monet yà á nítòsí Étretat, ní Normandy nílẹ̀ Faransé, nígbà òtútù 1868 sí 1869. Yìnyín bo ilẹ̀, ó bo òrùlé, ẹyẹ kan sì bà sórí ilẹ̀kùn ọgbà. Kò séèyàn níbẹ̀.

Ṣé èéfín ló fa búlúù ọ̀hún?

Rárá. Ìgbèríko ló ti yà á, kì í ṣe London tàbí Paris tí èéfín pọ̀ sí.

Kí ló wá fà á?

Ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń bọ́ sórí yìnyín lọ́sàn-án: ti oòrùn, tó máa ń pọ́n díẹ̀ bí oòrùn bá rẹlẹ̀, àti ti ojú ọ̀run, tó jẹ́ búlúù. Yìnyín kì í fi àwọ̀ pamọ́. Èyí tó bá bọ́ sí i lára náà ló ń dá padà. Níbi tí ọgbà bá ti dínà oòrùn, ti ojú ọ̀run nìkan ló kù. Ìdí nìyẹn tí òjìji fi di búlúù. Kì í ṣe àṣejù ayàwòrán rárá. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìgbà náà ló máa ń fi dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ya òjìji, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Monet ya ohun tójú rẹ̀ rí, àwọn adájọ́ Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ní Paris, sì kọ̀ ọ́ ní 1869. Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Paris, ló ni àwòrán náà lónìí. Ta ló rántí àwọn adájọ́?

Kí ló dé tí òtútù inú rẹ̀ kò fi bani lọ́kàn jẹ́?

Ẹ̀yìn ọgbà ni oòrùn wà, òjìji wá nà bọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí à ń wò ó. Búlúù tutù, àmọ́ yìnyín tí oòrùn kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lójú tèmi, ká ní dúdú ló fi ya òjìji yẹn, itẹ́ òkú ni ibẹ̀ ì bá jọ.

Àbí ojú ló ń dùn ún?

Rárá, ọmọ ọdún 28 ni Monet nígbà náà. Ọdún 1912 ni dókítà tó sọ fún un pé ó ní kátáráàtì, àìsàn tó ń mú ojú ṣú.

Ṣé irọ́ wá ni ìwádìí yẹn?

Ó tì o. Àwọn àwòrán London ni kẹ́ ẹ lọ wò, afárá Waterloo àti ilé aṣòfin, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín 1899 sí 1901. Kùrukùru ibẹ̀ ló ń fa Monet lọ, èéfín èédú sì kún inú rẹ̀.

Ṣé mo lè rí òjìji búlúù láìsí yìnyín?

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun síta lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, kẹ́ ẹ wo òjìji orí rẹ̀. Ẹ má gbára lé fọ́tò fóònù, ó máa ń tún àwọ̀ ṣe láìgbàṣẹ. Ẹ má sì dán an wò nígbà ọyẹ́. Eruku ti sọ ojú ọ̀run di funfun.

Ṣé kí n máa bẹ̀rù kùrukùru tó rẹwà?

Bó bá jẹ́ omi lásán, rárá, àfi tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀. Bó bá ń rùn bí èéfín, ẹ wọlé kẹ́ ẹ sì tilẹ̀kùn. Irú rẹ̀ tó bo London lóṣù Kejìlá 1952 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọdún 1956 ni ìjọba wọn sì tó ṣòfin afẹ́fẹ́ mímọ́.