Bí router ṣe ń mọ alábòójútó tó yẹ kó wọlé

Ẹni tó bá ráyè wọ inú router ilé-iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, lè darí gbogbo dátà tó ń gba ibẹ̀ kọjá síbi tó wù ú, ó sì lè ti gbogbo òṣìṣẹ́ mọ́ta. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Alábòójútó lè ki okùn bọ ojú ihò console lára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ó sì lè wọlé láti òkèèrè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ń ti òkèèrè wọlé kò gbọ́dọ̀ lo Telnet, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, lórí port 23 (port ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí dátà ń gbà wọ ẹ̀rọ), nítorí gbangba ló ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́. SSH, ọ̀nà míì tó wà lórí port 22, ń sọ gbogbo rẹ̀ di àdììtú.

Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo sórí ẹ̀rọ fún gbogbo èèyàn. Kò dáa rárá. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ta ló ṣe é? Bí ẹnì kan bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀, àfi kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Kí kálukú ní orúkọ tirẹ̀ ló sàn jù. Lórí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ Cisco ń ṣe, ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi pamọ́ ní type 7 kò pamọ́ rárá: ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè tú u lójú ẹsẹ̀. Type 9, tó ń lo scrypt, ọgbọ́n ìṣirò kan tó ṣòro tú, ló ṣeé fọkàn tán.

Bí ẹ̀rọ bá ti pọ̀, server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹ̀rọ ń bi léèrè, ló máa ń tọ́jú orúkọ gbogbo alábòójútó. RADIUS àti TACACS+ ni ìlànà méjì tí router fi ń bá a sọ̀rọ̀. RADIUS ń gba port 1812 lórí UDP (UDP àti TCP ni ọ̀nà méjì tí dátà ń gbà rìn), ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló sì ń bò; orúkọ ẹni tó ń wọlé wà níta. TACACS+ ń gba port 49 lórí TCP, ó ń bo gbogbo ohun tó wà nínú ìfiránṣẹ́, router sì lè tipasẹ̀ rẹ̀ béèrè bóyá ẹni yìí lẹ́tọ̀ọ́ sí àṣẹ kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀. Nítorí èyí, òun ló bá iṣẹ́ alábòójútó mu jù. Síbẹ̀, MD5, ọgbọ́n ìṣirò àtijọ́ kan fún ìdáàbòbò dátà, ni àwọn méjèèjì gbára lé, ó sì yẹ kí wọ́n ní ọ̀nà tiwọn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí àjèjì kò ti lè dé. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí fi hàn nínú ìkọlù tí wọ́n pè ní Blast-RADIUS pé ẹni tó bá wà láàárín ọ̀nà lè sọ “rárá” tí server fọ̀ di “bẹ́ẹ̀ ni”.

Ibi tó ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ni ìlà àṣẹ yìí, tí wọ́n ń tẹ̀ sínú router Cisco:

aaa authentication login default group tacacs+ local

Server ni router máa kọ́kọ́ bi, lẹ́yìn náà ló máa wo orúkọ tó wà lórí ara rẹ̀. Àwọn kan rò pé bí server bá kọ̀, router á tún gbìyànjú ti ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí server bá ti kọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìgbà tí server kò bá dáhùn rárá nìkan ni router ń kọjá sí local, ìyẹn orúkọ tó wà lórí ara rẹ̀. Bí wọn kò bá wá fi orúkọ kankan sórí ẹ̀rọ náà, ọjọ́ tí ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ server bá já, tí wọ́n sì nílò router jù láti tún un ṣe, ni kò ní gba ẹnikẹ́ni wọlé.

Bí wọ́n bá ń tẹ ìlà náà sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n má tíì jáde níbi tí wọ́n ti wọlé, kí wọ́n sì má tíì fi í pamọ́. Kí wọ́n ṣí ojú SSH mìíràn wò ná, kí wọ́n sì tún wò ó nígbà tí wọ́n bá ti pa ọ̀nà server. Bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ wọn lára, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ náà tí wọ́n sì tàn án padà, ètò àtijọ́ ló máa gbé wá.