Okùn Etí: Bí Íápíìsì Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Títí Tó Fi Dé Ìbàdàn

Bí ẹ bá fẹ́ ra íápíìsì olókùn ní agbègbè Queen Cinema, ní Ìbàdàn, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ o, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ wò. Irin tín-ín-rín tí a ń kì bọ fóònù yẹn ní òrùka dúdú lára. Bí òrùka náà bá jẹ́ méjì, gbígbọ́ nìkan ló wà fún. Bí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ ó ṣì máa gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ní máìkì. Òrùka mẹ́ta ló ń pín irin náà sí ọ̀nà mẹ́rin: ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún etí òsì, ọ̀kan fún máìkì, ìkẹrin sì ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà.

Òrùka kẹta yẹn ló mú mi kọ èyí. Gbígbọ́ àti fífèsì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà nínú ìtàn íápíìsì. Ìgbádùn àti ìròyìn ló tọ́ gbígbọ́ dàgbà. Kí èèyàn máa fèsì láìgbé ohunkóhun lọ́wọ́, iṣẹ́ ló bí ìyẹn.

Ọdún 1876 ni Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà. Láyé ìgbà náà, kò sí pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà kó bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń wá. Ẹnì kan ní láti jókòó sídìí pátákó ńlá tí ihò kún ojú rẹ̀, kó yọ okùn nínú ihò kan, kó kì í bọ òmíràn, kó tó so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì tójú bọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ náà, ẹnu wọn ò sì dáa. Wọ́n ń bú oníbàárà, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1878, wọ́n gba Emma Nutt ní Boston, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ bí a ti ń dá èèyàn lóhùn. Tẹlifóònù ò tíì pé ọdún mẹ́ta láyé tí ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ti wọ inú ẹ̀.

Ọwọ́ àwọn obìnrin yìí ò ráyè. Etí ń gbọ́, ẹnu ń fèsì, ọwọ́ méjèèjì ń yọ okùn, ó ń ki okùn. Èyí ló mú Ezra Gilliland, ní nǹkan bí ọdún 1880 sí i, ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká: ibi tí etí ń gbé gbọ́ wà lókè, ibi tí ẹnu ń sọ̀rọ̀ sí wà níwájú. Ó wúwo gan-an. Ẹ fojú inú wo ọmọge tó ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí èjìká láti òwúrọ̀ dalẹ́, nítorí kí ọwọ́ rẹ̀ lè rí àyè ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kò sẹ́ni tó máa wọlé bá a tí yóò bínú pé ó ń sọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́. Ẹrù èjìká rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ayé pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ náà ń fúyẹ́ sí i. Ní 1891, Ernest Mercadier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tó kéré tó ń wọ inú etí. Ní 1910, Nathaniel Baldwin ní Utah fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tó ń bo etí méjèèjì, nínú ilé ìdáná rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà sì rà á fún àwọn tó ń gbọ́ wáyálẹ́ẹ̀sì nínú ọkọ̀. Ní 1961, àwọn awakọ̀ òfúrufú dá ilé-iṣẹ́ Plantronics sílẹ̀ nítorí èyí tí wọ́n ń lò lójú ọ̀run ń dùn wọ́n lórí. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yẹn ló wà létí Neil Armstrong nígbà tó sọ̀rọ̀ láti inú òṣùpá ní 1969. Gbogbo wọn pátá, òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tó bá rí wọn mọ̀ pé wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ohun èlò yìí kúrò níbi iṣẹ́ tó bọ́ sí ojú títì. Ní 1979, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sony fẹ́ gbé Walkman, ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn fi ń gbọ́ orin kásẹ́ẹ̀tì kiri, jáde ní Japan, Akio Morita tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ ń ṣàníyàn pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹnì kan máa dá gbọ́ orin láàárín àwọn ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n lu ihò íápíìsì méjì sí i, kí ẹni méjì lè jọ máa gbọ́, kí wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan sí i tí yóò rẹ orin sílẹ̀ bí ẹnì kejì bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó máa ń wú mi lórí tí mo bá rántí èyí. Ẹ̀rọ náà ò tíì dọ́jà tí ẹni tó fẹ́ tà á ti ń ronú nípa ẹni tí yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n dí ihò kejì, wọ́n yọ bọ́tìnnì náà, torí àwọn tó ń rà á ò bìkítà.

Ní tiwa, Ìbàdàn ti ń fetí sí ohùn ẹni tí a kò rí tipẹ́. Ní 1939 ni wọ́n ta wáyà rẹdifúṣọ̀n dé ìlú yìí, lẹ́yìn tí ti Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Àpótí kan ni, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ ò sì lè dá a lóhùn. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ yẹn gún régé, torí lójú Yorùbá, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò gba èsì ṣàjèjì, ó tó ohun tí à ń sọ lórúkọ. Àmọ́ gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ papọ̀: bàbá, ìyá, ayálégbé, àlejò tó yà wọlé. Ohùn náà kì í ṣe ti ẹnì kan.

Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Owó ìpè wọ́n, ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gé e. Bí ẹ lo ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, owó ìṣẹ́jú kan ti lọ. Ta ni yóò wá gbé íápíìsì sétí kó máa tàkúrọ̀sọ? Ìgbà tí Glo dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tó ń gé owó ní ìṣẹ́jú àáyá, táwọn yòókù sì tẹ̀ lé e, ni ọ̀rọ̀ gígùn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè ọ̀fẹ́ ti òru dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbòwó àti Sáńgò á dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, okùn á wà létí, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ọwọ́ tó bá di fóònù mú fún wákàtí mẹ́ta á kú tipiri.

Síbẹ̀, rédíò gan-an ló jẹ́ kí okùn yìí wọ ọwọ́ àwọn àgbà. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré tó ní rédíò ò lè gbé ìkànnì kankan àyàfi tí ẹ bá ki íápíìsì bọ̀ ọ́, nítorí okùn náà ni ẹ̀ríà rẹ̀. Ìbàdàn sì jẹ́ ìlú tó fẹ́ràn rédíò. Bàbá aláṣọ, bàbá aránṣọ, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, gbogbo wọn ra íápíìsì nítorí ìròyìn àárọ̀ àti ètò ilé-iṣẹ́ rédíò Amúlùdùn. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ ní fi sétí rárá, á fi okùn kọ́ ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀, á jẹ́ kí fóònù máa pariwo. Asọ̀rọ̀mágbèsì ló tún padà wá, inú àpò ló wà báyìí.

Àwọn obìnrin ọjà ò dúró de íápíìsì. Wọ́n ki fóònù bọ abẹ́ ìborùn tàbí gèlè, ó lẹ̀ mọ́ etí pinpin, wọ́n ń wọn gàárì, wọ́n ń ka owó, wọ́n ń dúnàá dúrà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Ṣakí. Ìṣòro tí Gilliland gbé èjìká yanjú, aṣọ orí ló bá wọn yanjú rẹ̀, ó sì hàn sí gbogbo èèyàn.

Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, àwọn ará òkè òkun ti ń wá ọ̀nà àtigé okùn náà kúrò. Ní 1994, Ericsson ní Sweden bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rédíò kékeré tí yóò rọ́pò wáyà láàárín fóònù àti ohun tó bá a rìn. Jaap Haartsen, ọmọ Netherlands, wà lára àwọn tó ṣe é. Jim Kardach ti Intel ló dá a lábàá pé kí wọ́n pè é ní Bluetooth, ìyẹn oríkì Harald, ọba Denmark ní ọ̀rúndún kẹwàá, Harald Eléyín-Aró bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Ọba náà so àwọn èèyàn tó ti pínyà pọ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí so fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ní 1999, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde tó ń lo Bluetooth fún aráàlú, íápíìsì tí kò gba ọwọ́ ni. Nígbà tó dé Ìbàdàn, ó máa ń wà létí kan lára àwọn ọ̀gá, ó ń tan iná aláwọ̀ búlúù lábẹ́ fìlà òfì lóde ìnáwó. Ó gbówó lórí, ó sì hàn. Lópin ọdún 2016 ni AirPods, íápíìsì ilé-iṣẹ́ Apple, dọ́jà, tí kò ní okùn kankan láàárín etí méjèèjì. Kò pẹ́ tí àwọn olówó pọ́ọ́kú tó jọ ọ́ fi kún Ìwó Road. Èyí bọ́ sínú etí, irun tàbí híjáàbù bò ó, ó parí. Àmì ti lọ.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ni Yorùbá wí. Ẹni tí ẹ kí tí kò jẹ́ ẹ, ó ti fi nǹkan kan lọ̀ yín. Bó bá jẹ́ pé etí rẹ̀ dí, kí lẹ ó fi mọ̀? Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Mo yà kí àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń ta òfì lọ́jà Ọjẹ́. Bàbá mi ti ń ṣàìsàn lọ́sẹ̀ náà. Nǹkan kékeré yẹn wà létí mi, ẹnì kan sì ń béèrè ẹrù tí a kó sí gáréèjì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mi ò yọ ọ́. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ ńkọ́?" Mo ń dá ẹlẹ́rù lóhùn, mo ní, "Kò sí mọ́, wọ́n ti gbé e lọ láàárọ̀." Òfì tó wà lọ́wọ́ wọn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n figbe ta, gbogbo ìsọ̀ tó yí wọn ká dìde. Nígbà tí mo fi máa ṣàlàyé tán, ara wọn ń gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́yìn náà ni pé, "Ká ní okùn wà létí ẹ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé èmi kọ́ lò ń dá lóhùn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ tó nílé máa ń yọ ti etí kan kí wọ́n tó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì dì í mú kí àgbà rí i. Àwọn tó ń lo olókùn á fà á jù sẹ́yìn ọrùn. Bí ìpè bá pọn dandan, ẹlòmíràn á na ìka sí etí, á tẹrí ba, ẹ ó sì mọ̀ pé ó bẹ̀ yín ni. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀.

Ti awakọ̀ tún yàtọ̀. Àwọn onímáíkírà wa, ìyẹn àwọn onítakisí kékeré, gbà pé bí ọwọ́ méjèèjì bá ti wà lórí síárìn, ewu ti tán. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ló dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, Wọlé Ṣóyínká sì wà nídìí rẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 2001, David Strayer àti William Johnston ní Yunifásítì Utah dán àwọn èèyàn wò lórí iṣẹ́ tó jọ ọkọ̀ wíwà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù fo àmì iná ní ìlọ́po méjì, ìbáà jẹ́ pé wọ́n gbé e lọ́wọ́ tàbí wọn ò gbé e. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ rí i pé kì í ṣe etí, kì í sì í ṣe ọwọ́, èsì ni. Òrùka kẹta yẹn náà ni. Mo máa ń sọ fún onímáíkírà tó bá gbé mi pé kó gbọ́ ìròyìn tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó dúró lẹ́bàá títì tó bá fẹ́ fèsì.

Àbúrò bàbá mi ti ra tiwọn báyìí. Àwọn ahunṣọ wọn wà ní Ìsẹ́yìn, ọwọ́ wọn ò sì ráyè nígbà tí wọ́n bá ń ká òfì, tí wọ́n ń kà á fún oníbàárà. Mo fẹ́ ra aláìlókùn fún wọn, wọ́n ní rárá. Pupa ni wọ́n mú, okùn gígùn, ó ti etí wá sí iwájú bùbá, ó rọ̀ dé ìdí. Bí oníbàárà bá dé tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á fi ìka méjì gbé okùn náà sókè kó rí i, wọ́n á sì fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí àga.