Kí ẹ tó ní kí n ṣe póósítà psychedelic fún yín

Láti bí oṣù méjì báyìí, èèyàn mẹ́rin ló ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. "Bọ̀ọ̀dá, póósítà òyìnbó àtijọ́ yẹn ni mo fẹ́ fún ṣóò wa, èyí tó máa ń yí lójú yẹn." Psychedelic lorúkọ ẹ̀, póósítà tí lẹ́tà ẹ̀ ń lọ́, tí àwọ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n lójú. Mo ní kò burú, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ sí i wá. Ẹni àkọ́kọ́ kó fọ́tò ara ẹ̀ mẹ́sàn-án wá látorí WhatsApp, ó ní kí n to gbogbo ẹ̀ yí orúkọ òun ká. Ẹnì kejì ní lógò mọ́kànlá. Ẹnì kẹta ti wa fọ́ntì kan sórí fóònù, ó ní òun ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà, kí n yọ ọ́ nínú owó. Ẹnì kẹrin ní ṣebí kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é, kí ló dé tí mò ń pe owó bí ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò. Èmi tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí látìgbà CorelDRAW 12!

Ó ti sú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì tàbí bí wọ́n ṣe ń to lẹ́yà o, ìyẹn ò lọ́rọ̀ nínú, ẹni tí ò bá mọ lẹ́yà kó lọ bi ọmọ àbúrò ẹ̀. Bébà A3, 300 dpi (àmì 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan), ìyẹn fífẹ̀ 3508, gíga 4961 píksẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ fi 3 mm kún un yíká fún ọ̀bẹ atẹ̀wé, ó parí. Photoshop, GIMP, Photopea, èyí tó bá wù yín, kò sí èyí tó máa bá yín ronú nínú wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ló máa fún fọ́tò yẹn bí ẹni ń fún fùfú, omi ara ẹ̀ á ti tán kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní "òyìnbó àtijọ́" yẹn, San Francisco ni, l'Amẹ́ríkà, 1966 àti 1967 ló gbóná jù. Ilé ijó méjì, Fillmore àti Avalon Ballroom, ni wọ́n ń ṣe é fún. Àwọn ayàwòrán márùn-ún lorúkọ wọn hàn jù: Wes Wilson, Victor Moscoso, Rick Griffin, Stanley Mouse àti Alton Kelley. Wilson rí irú lẹ́tà kan tí Alfred Roller, ayàwòrán ará Vienna, ti yà ní bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú, ó mú un, ó wú u bíi búrẹ́dì. Mouse àti Kelley ń lọ wo irun gígùn àwọn obìnrin tí Alphonse Mucha yà. Kò sẹ́ni tó já a látinú òfuurufú nínú wọn. Àmọ́ Moscoso lọ̀gá tèmi. Spain ni wọ́n ti bí i, ó kàwé ní yunifásítì Yale lọ́dọ̀ Josef Albers, bàbá kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé ẹ̀ yẹ̀ wò. Nígbà tí Moscoso dé ìdí póósítà ijó, ó rí i pé òfin ilé ìwé ń dí òun lọ́wọ́, ló bá yí gbogbo ẹ̀ sódì. Wọ́n ní kí lẹ́tà ṣe é kà wéré, ó jẹ́ kó le kà. Wọ́n ní má kó àwọ̀ tó ń bára wọn jà síbì kan, ibẹ̀ gan-an ló kó wọn sí. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ mọ òfin yẹn dénú egungun o. Ẹni tí ò mọ òfin kankan, kí ló fẹ́ yí sódì?

(Àwa náà ní tiwa nílé, ẹ má rò pé òyìnbó nìkan. Láti 1972 ni ẹgbẹ́ olórin BLO ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá tó ń lọ́ bí ejò, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Berkley, Laolu àti Odumosu ni wọ́n sì já pọ̀ tó di BLO. Ẹ lọ gbọ́ wọn kẹ́ ẹ tó wá bá mi.)

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí.

Iṣẹ́ méjì lojú èèyàn ń ṣe pọ̀. Ó ń wo ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn, òun ló fi ń mọ etí nǹkan, pé ibí ni àga parí sí, ibí nilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì tún ń wo àwọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá mú àwọ̀ méjì tó jìnnà síra wọn gan-an, bíi pupa àti àwọ̀ ewé, tàbí àwọ̀ ọsàn àti búlúù, tẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba rẹ́gí, apá tó ń wo àwọ̀ á ní nǹkan méjì ló wà níbí, apá tó ń wo ìmọ́lẹ̀ á ní èmi ò rí ààlà kankan. Ojú ò wá ní mọ ibi tó máa fìdí lé. Gbígbọ̀n tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn nìyẹn, kò sí oògùn níbẹ̀.

Ẹ mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí òpó Mápó wà lára ẹ̀. Aró ibẹ̀ dúdú kirikiri, ibi tí ẹ̀kọ bò sì mọ́lẹ̀, ẹ lè dúró lódìkejì títì kẹ́ ẹ ka gbogbo àwòrán ara ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ àti òkùnkùn ẹ̀ jìnnà síra wọn, ojú rí ààlà, ọkàn balẹ̀. Póósítà tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè yìí, ńṣe là ń mọ̀ọ́mọ̀ gba ààlà yẹn lọ́wọ́ ojú.

Ibi táwọn ọmọ "di ọ̀gá dìsáínà lọ́jọ́ mẹ́ta" ti ń ṣubú rèé. Mo san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wọnú kíláàsì ọ̀kan nínú wọn, kí n lè mọ ohun tó ń sọ fáwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀, kí wọ́n tẹ Twirl tó ń lọ́ nǹkan, kí wọ́n da òṣùmàrè lé e. Ó tán. Òṣùmàrè! Nínú òṣùmàrè, yẹ́lò mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, búlúù ṣókùnkùn bí òru, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ̀n? Èyí tó dẹ̀ gbọ́n díẹ̀ nínú wọn á mú pupa 255, ibi tí nọ́ńbà àwọ̀ ga dé lórí kọ̀ǹpútà, á mú green 255, á ní wọ́n ti dọ́gba torí nọ́ńbà dọ́gba. Wọn ò dọ́gba. Lójú èèyàn, green 255 mọ́lẹ̀ ju pupa 255 lọ fíìfíì, bí wọ́n ṣe dá ojú wa nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bá pupa yẹn dọ́gba, ẹ fa green wálẹ̀ sí nǹkan bíi 148. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní, ẹ kọ lẹ́tà pupa sórí ẹ̀, ojú á fẹ́rẹ̀ẹ́ ta yín.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dọ́gba? Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn, kẹ́ ẹ sọ ẹ̀dà náà di Grayscale, ìyẹn dúdú, funfun àti eérú nìkan. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí lẹ́tà, iṣẹ́ kù. Tí gbogbo ẹ̀ bá di eérú kan ṣoṣo, tí lẹ́tà pòórá, ẹ ti délé. Àmọ́ ẹ má tẹ Desaturate, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Desaturate inú Photoshop ò mọ ojú èèyàn, ìṣirò ló ń ṣe: á mú nọ́ńbà tó ga jù nínú mẹ́ta (pupa, green, búlúù) àti èyí tó kéré jù, á rò wọ́n pọ̀, á pín in sí méjì. Pupa 255 àti green 255, eérú kan náà ló máa gbé fún yín, inú yín á dùn, irọ́ ló sì pa. Ọdún méjì gbáko lèmi fi gba irọ́ yẹn gbọ́, mò ń bínú sáwọn atẹ̀wé pé àwọn ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Lóòótọ́ àwọn náà ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ rí lójú fóònù, iná ni, bébà ò níná nínú. Àwọn ará San Francisco ń po íńkì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ fún pléètì ẹ̀, ẹ̀yin ẹ̀ ń lo íńkì mẹ́rin tó fẹ́ di gbogbo àwọ̀ ayé. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fáìlì di CMYK, ìyẹn ti íńkì mẹ́rin yẹn, green á ṣá, ọsàn á ṣá, ẹ tún ìdánwò Grayscale yẹn ṣe torí ìdọ́gba yín ti yẹ̀. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọ̀ kan wọ abẹ́ èkejì díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí pléètì bá yẹ̀ báyìí, ìlà funfun á là láàárín wọn, ojú á rí ààlà, gbogbo làálàá yín ti wọgbó.

Ti lẹ́tà ò pẹ́. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ kọ fọ́ntì kẹ́ ẹ wá lọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ ya odindi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kún, iná, orí èèyàn, ìlù, ohunkóhun, kẹ́ ẹ wá gé lẹ́tà sínú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gé àkàrà òyìnbó, kí àlàfo àárín wọn tín-ín-rín bákan náà. Ọwọ́ lẹ máa fi yà á. Fọ́ntì tẹ́ ẹ̀ ń wa láti íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn, èyí tí mo ti rí nínú wọn ò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ, ká má tíì sọ àmì ohùn. Oníbàárà kan tí ọ̀rọ̀ "Ọjọ́" wà lára iṣẹ́ ẹ̀ ní kí n kọ ọ́ ní OJO, pé wọ́n á mọ̀. Ta ló máa mọ̀? Òjò ni àbí Òjó? Nígbà tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yà á, ẹ ó rí i pé àmì orí yẹn gan-an ló máa ń dí àlàfo tí Wilson ń fi ìrù lẹ́tà dí, Yorùbá ba póósítà yìí mu ju òyìnbó lọ, èmi ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Ẹnì kan tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e lọ fi han wòlíì ẹ̀, ó padà wá pé wòlíì ní ojú tó wà láàárín póósítà ń wo òun, pé ti ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Mo ní bóun náà bá tẹjú mọ́ ọn ìṣẹ́jú kan, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa wò ó. Pupa àti green ni, sà! Mo bá a yọ ojú yẹn, mo fi òdòdó sí i, ó ní ẹ̀mí òun ti balẹ̀. Àwọ̀ ò yí padà o, bó ṣe ń gbọ̀n ló ṣì ń gbọ̀n.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n kan tó ní ẹgbẹ́ olórin, wọ́n fẹ́ ṣeré ní gbọ̀ngán kan ní Bódìjà. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ewé, orúkọ ẹgbẹ́ wọn di èéfín tó ń tú jáde lẹ́nu fèrè, déètì àti nọ́ńbà fóònù di ìgbì omi sísàlẹ̀. Ó dọ́gba rẹ́gí, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n tẹ ọgọ́rùn-ún kan jáde, àwọn èèyàn ń dúró lójú títì wò ó. Mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan àwọ̀ yìí o." Ó ní, "Àbúrò, fọkàn balẹ̀."

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣeré, ó rí i pé ọgọ́rùn-ún ò tó. Owó ti tán. Ló bá gbé ọ̀kan lọ sí Agbowó lálẹ́, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n ṣe irinwó, dúdú àti funfun, torí ó dínwó. Ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ò wo ohun tó ń jáde, ẹ̀gbọ́n náà ò wò ó, iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Òru yẹn náà làwọn ọmọ ẹ̀ lẹ̀ ẹ́ láti Agbowó títí dé Sángo.

Ilẹ̀ mọ́, irinwó bébà eérú ló wà lára ògiri. Kò sí lẹ́tà, kò sí fèrè, kò sí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó lè pè é bi í pé kí lèyí, nọ́ńbà fóònù ò kúkú hàn.

Ó gbé ọ̀kan wá bá mi, kò bú mi, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀. "Àbúrò, bá mi wá déètì níbí." Mo gbé e sábẹ́ iná, mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀, mo gbé e mọ́ gíláàsì fèrèsé. Èmi tí mo yà á, tí mo mọ ibi tí ìgbì yẹn wà, mi ò rí i. A rán àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú máákà dúdú lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ò tíì dé ìdajì tójò fi bẹ̀rẹ̀.

Látìgbà náà, iṣẹ́ yòówù kí n ṣe, mo máa ń gé ìlà yẹ́lò fẹ́lẹ́ sísàlẹ̀ ẹ̀, dúdú ni mo fi ń kọ déètì, ibi tí wọ́n ti ń ṣeré àti owó ìwọlé síbẹ̀, òkè nìkan ni mò ń jẹ́ kó gbọ̀n. Mo fi bébà eérú kan lẹ̀ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ti wọlé pé òun fẹ́ psychedelic, òun ni mo kọ́kọ́ ń ní kó kà fún mi.