Ṣé Ọsibítù Lè Mú Ibi Ọmọ fún Ìwádìí?

Ìbéèrè: Ìyàwó mi fẹ́ bímọ sí ọsibítù kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ní àwọn oníṣègùn kan ń fẹ́ ibi ọmọ fún ìwádìí. Ìyá mi yarí, ó ní sínsin ni a ń sin ibi. Ta ló ni àṣẹ?

Ìdáhùn: Ìyàwó yín ni, nítorí ara rẹ̀ ni ibi ti jáde. Lóòótọ́, bàbá ọmọ ni wọ́n sábà máa ń ké sí pé kó wá gba láílọ́ọ̀nù dúdú tí ibi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbé ni wọ́n ní kó gbé e, wọn kò fi àṣẹ lé e lọ́wọ́. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé, yàtọ̀ sí ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀ lára alààyè láìjẹ́ pé wọ́n là á yé e, tó sì gbà. Ẹni tí ìrọbí mú kò sì ráyè ka ìwé. Ìgbà tó bá ń lọ gba ìtọ́jú aboyún ló yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé, ní èdè tó gbọ́.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n ń wá nínú ohun tí a fẹ́ lọ sin?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi ibà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí kòkòrò ibà ti wọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ibi, débi pé tí wọ́n bá gún aboyún ní ìka, wọ́n lè má rí kòkòrò kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti kún inú ibi, tí ọmọ kò sì ní tóbi tó bó ṣe yẹ. Wọ́n á gé ègé kékeré, wọ́n á rì í sínú omi oògùn tí kì í jẹ́ kó jẹrà, wọ́n á fi ìda tó dà bí àbẹ́là bò ó, wọ́n á wá rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n lè fi awò wò ó. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè: Ọ̀pọ̀ ọdún kẹ̀? Tí wọ́n bá fi ṣe nǹkan mìíràn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló gba ìṣọ́ra. Ní 1951, ní ọsibítù Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú díẹ̀ lára jẹjẹrẹ tó wà lẹ́nu ilé ọmọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Henrietta Lacks láì béèrè. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tíntìntín tó para pọ̀ di ẹran ara, kò yé pọ̀ sí i, ó dé yàrá ìwádìí káàkiri ayé, wọ́n ń tà á, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì mọ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Lọ́dọ̀ tiwa, òfin kò gbà kí ẹni tó fi ẹran ara tọrẹ gba owó ju èyí tó ná lọ; ó dára, kí ebi má baà mú tálákà ta ara rẹ̀, àmọ́ kò dùn mọ́ mi pé ẹlòmíràn lè jèrè níbẹ̀. Nítorí náà, kí ìyàwó yín ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwádìí ibà nìkan ni. Ègé kékeré ni wọ́n nílò; ẹ gba ìyókù padà fún ìyá yín, bí ẹ bá rí ilẹ̀ tí wọn kò tíì fi sìmẹ́ǹtì bò ní àdúgbò yín.